Ṣé jíjìnnà sí oòrùn ló ń mú òtútù wá? Ẹ gbà mí lórí ìbéèrè jọ́gíráfì mẹ́ta

Ọmọ_Kíláàsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n dá ìwé ìdánwò jọ́gíráfì wa padà lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, òun náà ni mo ti gba máàkì tó kéré jù. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fi ìlà pupa fà kọjá, wọn ò sì kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sí i. Mo béèrè ní kíláàsì, wọ́n ní kí n lọ ka ìwé mi dáadáa. Mo ti kà á, kò yé mi. Ohun tí mo kọ rèé:

Ìkíní: Kí ló ń fa ìgbà ooru àti ìgbà òtútù? Mo ní tí ayé bá sún mọ́ oòrùn, ooru á mú. Tó bá jìnnà sí i, òtútù á dé.

Ìkejì: Báwo la ṣe mọ ohun tó wà nínú ayé lọ́hùn-ún? Mo ní àwọn onímọ̀ gbẹ́ ihò débẹ̀.

Ìkẹta: Wọ́n rí ẹran inú òkun tó ti di òkúta lórí òkè Everest. Báwo ló ṣe débẹ̀? Mo ní omi òkun ti kún bo òkè náà rí.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Kì í ṣe torí máàkì nìkan, mo fẹ́ kó yé mi.

Tíṣà_Jọ́gíráfì
Àbúrò, o ṣeun tó o kọ ìdáhùn rẹ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí, kò sí ọdún kan tí n kì í bá ìdáhùn kìíní yẹn pàdé. Ó jọ òótọ́, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó sún mọ́ iná lara rẹ̀ ń gbóná. Ọ̀rọ̀ ayé àti oòrùn ò rí bẹ́ẹ̀.

Gbọ́ èyí ná. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ lọ́dún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà ló máa ń wà láàárín wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ Júláì ló máa ń jìnnà jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 152. Jánúárì tí a sọ pé ó sún mọ́ ọn jù yìí ni yìnyín ń bọ́ ní Kánádà àti ní Jámánì. Jánúárì yẹn kan náà ni ooru ń mú wọn ní Ọsirélíà. Ayé kan ṣoṣo, oòrùn kan ṣoṣo, ọjọ́ kan náà. Báwo ni jíjìnnà ṣe máa mú òtútù bá apá kan, kó tún mú ooru bá apá kejì?

Ohun tó ń fà á ni pé ayé ò nàró ṣánṣán. Fọkàn ya ọ̀pá kan tó gba àárín ayé kọjá láti ìpẹ̀kun àríwá dé ìpẹ̀kun gúúsù. Orí ọ̀pá yẹn ni ayé ti ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọ̀pá náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bíi dígíríì 23.5. Wàyí o, di èyí mú dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ ọ́ nù: bí ayé ṣe ń yí oòrùn po láti oṣù dé oṣù, ibì kan náà lójú ọ̀run ni orí ọ̀pá yẹn ń kọjú sí. Nígbà tó bá di Júùnù, ìdajì àríwá ayé ló fì sọ́dọ̀ oòrùn. Nígbà tó bá fi máa di Dìsẹ́ńbà, ayé ti bọ́ sí òdì kejì oòrùn, ó wá kan ìdajì gúúsù.

Kí ni fífì yẹn ń ṣe? Wá tọ́ọ̀ṣì kan àti bébà funfun, kó o pa iná yàrá. Tan tọ́ọ̀ṣì náà sórí bébà tààrà látòkè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí róbótó, á kéré, á sì mọ́ rokoṣo. Wá dá tọ́ọ̀ṣì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, má sún un jìnnà o. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á gùn gbọọrọ, á sì rẹlẹ̀. Iná tó ń jáde nínú tọ́ọ̀ṣì ò dín kù rárá, ibi tó ń pín ara rẹ̀ sí ló fẹ̀. Apá ayé tó bá fì sọ́dọ̀ oòrùn ń gba ìtànṣán látòkè, ojúmọ́ rẹ̀ sì ń gùn. Apá tó fì kúrò ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ wọ̀.

Atukọ̀_Òkun
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú mi rí. Ọkọ̀ ẹrù ni mo bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Dìsẹ́ńbà ọdún kan, a gbéra ní Rotterdam nílẹ̀ Netherlands, Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà là ń lọ. Lọ́jọ́ tá a gbéra, aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn wọ̀. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ náà, oòrùn ò ga rárá, ìhà gúúsù ló wà, òjìji mi lórí ọkọ̀ sì gùn jù mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, ó nà sí àríwá.

Bá a ṣe ń lọ ni òjìji yẹn ń kúrú lójoojúmọ́. A dé ibì kan, a ti kọjá agbedeméjì ayé dáadáa nígbà yẹn, tó jẹ́ pé abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni òjìji mi wà lọ́sàn-án, kò síbi tó nà sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, gúúsù ló wá kọjú sí. Nígbà tá a dé Cape Town, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀. Mo dúró síbi irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń wo òjìji mi, ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé láti kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́
Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwé ọmọ tèmi ló wà níwájú mi báyìí. Àwòrán tí wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po gùn gbọọrọ bí ẹyin, ayé sún mọ́ oòrùn lápá kan, ó jìnnà lápá kejì. Ẹni tó bá wò ó, ohun tí ọmọ yìí kọ lòun náà máa kọ. Ṣé àwòrán yẹn ni ò tọ̀nà ni?

Tíṣà_Jọ́gíráfì
Ìyá wa, ibi tí àṣìṣe náà ti ń wọlé lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Ẹni tó ya àwòrán náà ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé ife sórí tábìlì, kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wo ẹnu rẹ̀. Róbótó ni ẹnu ife, àmọ́ láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, gbọọrọ lẹ máa rí i. Ká ní ẹ lè gba òkè wo ọ̀nà tí ayé ń tọ̀, ojú lásán ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òbírí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 147 àti 152 ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó máa ń dùn mí pé wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sábẹ́ àwòrán náà.

Ọmọ_Kíláàsì
Ó ti ń yé mi! Ẹ̀gbọ́n atukọ̀, ti òjìji yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Ìkan ṣì wà lọ́kàn mi o. Ìwé wa ní òkè Kilimanjaro ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì ń ràn níbẹ̀ látòkè. Kí ló wá dé tí yìnyín fi wà lórí rẹ̀? Orí òkè kúkú sún mọ́ oòrùn ju ìsàlẹ̀ lọ.

Tíṣà_Jọ́gíráfì
Ìsúnmọ́ tún dé! Kilimanjaro ga ní mítà 5,895, kò tó kìlómítà mẹ́fà. Kí ni kìlómítà mẹ́fà nínú mílíọ̀nù 150?

Ilẹ̀ ni oòrùn kọ́kọ́ ń mú gbóná, ilẹ̀ ló wá ń fi ooru ran afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á gòkè. Bó ṣe ń gòkè ni ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, á fẹ̀, á sì máa tutù. Tá a bá pín in dọ́gba, nǹkan bíi dígíríì 6.5 ló ń fi dín fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Mú bírò: tí ìsàlẹ̀ bá wà ní dígíríì 30, téńté Kilimanjaro á wà ní nǹkan bíi dígíríì 8 sísàlẹ̀ òdo. Omi ti ń dì láti òdo.

Oníṣẹ́_Àpáta
Mo ti ń retí kí wọ́n kan ìbéèrè kejì, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Àbúrò, ihò tó jìn jù lọ tí ọmọ aráyé tíì gbẹ́ wà ní Kola, ní Rọ́ṣíà. Ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1989 ó dé mítà 12,262. Ibẹ̀ gbóná tó dígíríì 180, wọn ò lè gbẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,371. Ká sọ pé ayé jẹ́ bọ́ọ̀lù tó fi mítà kan jìn láti ojú rẹ̀ dé àárín, ihò Kola ò tó mìlímítà méjì nínú rẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ tíì gba inú èèpo ayé já, ìyẹn ìpele òkúta tó wà lókè pátápátá.

Báwo la ṣe wá mọ̀? Ìwọ náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri kan ṣófo nínú, wàá fi ìka gbá a, wàá sì dẹtí sí i. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń bá wa gbá ayé. Tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ máa ń gba inú ayé kọjá títí dé òdì kejì, àwọn ẹ̀rọ tó wà káàkiri á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oríṣi ìgbì méjì ló ṣe kókó. Èkíní ń tì, ó ń fà, ó yára, kò sí ohun tí kì í gbà kọjá, ì báà le, ì báà máa ṣàn. Èkejì ń mi nǹkan lọ sọ́tùn-ún sósì bí okùn téèyàn ń jù, kò yára tó èkíní, kò sì lè gba inú ohun tó ń ṣàn kọjá láéláé.

Ní 1906, Richard Oldham, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo àkọsílẹ̀ àwọn ìgbì yìí, ó sì rí i pé ohun kan wà láàárín ayé tó ń mú wọn falẹ̀. Ní 1914, Beno Gutenberg, ará Jámánì, ṣírò pé nǹkan bíi kìlómítà 2,900 nísàlẹ̀ ni ohun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbì kejì kì í gba ibẹ̀ kọjá, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó ń ṣàn ló wà níbẹ̀, irin yíyọ́ ni. Lẹ́yìn wọn ni Inge Lehmann, obìnrin ará Denmark. Ilẹ̀ mì gan-an ní New Zealand ní 1929, obìnrin yìí sì ṣàkíyèsí pé ìgbì kan ń yọjú níbi tí kò yẹ kí ìgbì kankan dé. Ó rò ó, ó ṣírò ó, ní 1936 ó kéde pé kóró líle kan tún wà nínú irin yíyọ́ yẹn. Kò gbẹ́ ihò kankan o. Àkọsílẹ̀ ìgbì àti ìṣirò ló fi rí ohun tó ju kìlómítà 5,000 lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, orí mi máa ń wú.

Ọ̀rẹ́_Sáyẹ́ǹsì
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ́ wa pé abẹ́ èèpo ayé ni òkúta yíyọ́ wà, èèpo wá léfòó lórí rẹ̀, òun ló sì ń tú jáde níbi òkè ayọnáyèéfín. Àbí ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀?

Oníṣẹ́_Àpáta
Kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbì kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa jẹ́rìí. Abẹ́ èèpo ayé ni wọ́n ń pè ní mantle. Ìgbì kejì ń gba inú mantle kọjá fàlàlà. Ká ní ohun tó ń ṣàn ni, ì bá má gbà á. Òkúta líle ni, àmọ́ ó gbóná débi pé ó ń rọra sún, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Yìnyín ńlá orí òkè ń ṣe bẹ́ẹ̀: tó o bá fi òkúta lù ú, á fọ́, síbẹ̀ lọ́dọọdún ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ àfonífojì.

Ibi díẹ̀ ni òkúta ti ń yọ́: níbi tí ilẹ̀ méjì ti ń ya ara wọn, níbi tí ọ̀kan ti ń wọ abẹ́ èkejì, àti láwọn ibì kan bíi Hawaii tí ooru ti ń ru gòkè látìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti ń yọná. Èèpo ayé fúnra rẹ̀ ò nípọn bákan náà níbi gbogbo. Lábẹ́ òkun, nǹkan bíi kìlómítà 7 ni. Lábẹ́ kọ́ńtínẹ́ǹtì, ó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 50, lábẹ́ àwọn òkè gàgàrà ó lè tó 70.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́
Ó wá ku ti Everest. Kí n sọ òótọ́, ìdáhùn tí ọmọ yẹn kọ lèmi náà ì bá kọ.

Oníṣẹ́_Àpáta
Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbá a wò. Ká ní gbogbo yìnyín tó wà láyé, ti Antarctica, ti Greenland, ti orí àwọn òkè, yọ́ tán pátápátá lónìí, òkun ò ní fi 100 mítà ga sí i. Everest ga ní mítà 8,848.86, iye tí Nepal àti Ṣáínà jọ kéde ní 2020 nìyẹn. Omi tó máa bò ó kò sí.

Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló gòkè. Pẹlẹbẹ ńláńlá ni èèpo ayé pín sí, gbogbo wọn ló sì ń rìn. Ilẹ̀ Íńdíà ti wà ní gúúsù ayé rí, òkun kan tí wọ́n sọ ní Tethys ló wà láàárín òun àti Éṣíà. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òkun yẹn ń kéré sí i, títí tó fi forí sọ Éṣíà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Ti ẹní mọ́ ara ògiri kó o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: á ká, á ru sókè. Bí àwọn òkè Himalaya, tí Everest wà lára wọn, ṣe ru sókè nìyẹn, ó sì gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun dání. Òkúta ẹfun ló wà ní téńté Everest. Ẹni tó bá fi awò wo òkúta náà á rí àfọ́kù ara àwọn ẹran kéékèèké tó gbé inú òkun. Íńdíà ò tíì dúró o, ó ṣì ń ti Éṣíà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dún.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kọ́ńtínẹ́ǹtì tó ń rìn kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tó pọ̀ ni Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jámánì, ní 1912. Ó rí i pé etí Áfíríkà àti etí Gúúsù Amẹ́ríkà bára mu bí bébà tí wọ́n ya sí méjì. Àwọn òkúta ibẹ̀ bára mu. Ẹran afàyàfà kékeré kan, Mesosaurus, tí kò lè wẹ Òkun Àtìláńtíìkì já, wà nínú òkúta apá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí kò lè sọ ohun tó ń tì wọ́n. Ó kú sórí yìnyín Greenland ní 1930, kí ayé tó dá a láre.

Atukọ̀_Òkun
Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tó dá a láre. Mo bá ọkọ̀ ìwádìí kan ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń wọn ìjìn omi. Ẹ̀rọ kan á fi ohùn ránṣẹ́ sísàlẹ̀, ohùn náà á kọlu ilẹ̀, á padà. Nínú omi òkun, ohùn ń sáré nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó tó lọ kó tó bọ̀, mítà 4,500 ló jìn. A ń kọjá lórí Àtìláńtíìkì, iye yẹn ń jáde lójú ẹ̀rọ, 4,500, 4,300. Bá a ṣe ń dé àárín òkun ló bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, 3,400, 2,700. Òkè ńlá ló wà lábẹ́ wa, omi sì tẹ́ pẹrẹsẹ lókè bíi pé kò sí nǹkan kan.

Irú iye bẹ́ẹ̀ ni Marie Tharp, obìnrin ará Amẹ́ríkà, fi ya máàpù ìsàlẹ̀ òkun láàárín ọdún 1950 sí 1960. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin bá ọkọ̀ ìwádìí lọ nígbà yẹn, nítorí náà nídìí tábìlì ló jókòó sí, ó ń fi iye tí wọ́n bá kó wálé yàwòrán. Ó rí i pé àfonífojì kan la òkè àárín Àtìláńtíìkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń ya, òkúta tuntun ń jáde níbẹ̀, ó ń ti Amẹ́ríkà sí apá kan àti Áfíríkà sí apá kejì.

Ọmọ_Kíláàsì
Mo ti padà dé, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe ti tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àná, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Látòkè tààrà, sẹ̀ǹtímítà 9 ni ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀. Nígbà tí mo dá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 9, gígùn rẹ̀ wá di 17, mi ò sì rí lẹ́tà kéékèèké orí bébà kà mọ́. Àbúrò mi náà gbìyànjú ẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè ẹ̀yọ kan sí i. Tí ayé ò bá fì rárá ńkọ́?

Tíṣà_Jọ́gíráfì
Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù lónìí nìyẹn. Ojúmọ́ àti òru ì bá tó wákàtí 12 níbi gbogbo, lójoojúmọ́, láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà. Agbedeméjì ayé á ṣì gbóná, ìpẹ̀kun méjèèjì á ṣì tutù, àmọ́ ibi tó bá tutù, títí ayé ni á fi tutù bẹ́ẹ̀. Ní ìpẹ̀kun àríwá, oòrùn ì bá kàn máa rá bàbà yí etí ọ̀run po, kò ní yọ tán, kò ní wọ̀ tán.

Atukọ̀_Òkun
Àbúrò, wá ọ̀pá tó gùn ní mítà kan, rì í mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Máa wọn òjìji rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tó bá kúrú jù lọ́jọ́ náà. Má gbára lé aago méjìlá o. Dígíríì 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kan, gbogbo ìlú tó wà ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè kan ló sì sábà máa ń lo aago kan ṣoṣo. Nítorí náà ọ̀sán gangan tìrẹ lè ṣáájú aago méjìlá, ó sì lè lẹ́yìn rẹ̀. Òjìji tó kúrú jù ló máa sọ fún ọ.

Ọmọ_Kíláàsì
Mo ti rì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láti aago mọ́kànlá àbọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Èyí tó kúrú jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41, aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà yẹn. Mo gbé òkúta kékeré síbi tí orí òjìji náà dé, mo sì kọ déètì òní sí i lára. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gbé èkejì síbẹ̀.